Yàrá Òkè Ń Sáré, Yàrá Ìsàlẹ̀ Ń Wọ́

Ọjọ́ kẹrin, oṣù keje

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yàrá tí mò ń gbé yìí kò fi àyè ìkúnlẹ̀ sílẹ̀. Bí mo bá kúnlẹ̀, abẹ́ tábìlì ni orí mi máa wà. Ṣé orúnkún yín ti ń gbọ́ràn? Mo wà dáadáa, mò ń jẹun, mò ń sùn, iṣẹ́ sì ń lọ déédéé.

Mo rí lẹ́tà mi tí ẹ dá padà gbà, pẹ̀lú bírò pupa ní ojú mẹ́fà. Màmá, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí. Mi ò rò pé ìyá mìíràn wà láyé tó ń fún ọmọ rẹ̀ ní máàkì mẹ́rin nínú mẹ́wàá nítorí pé ó kí i. Mo ní kí ẹ jẹ́ ká máa sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ ní ọ̀rọ̀ fóònù kò ṣe é ṣàtúnṣe. Ó dáa, ẹ kú iṣẹ́ olùkọ́.

Ẹ béèrè pé kí gan-an ni mò ń ṣe níbi iṣẹ́ tuntun yìí. Iléeṣẹ́ wa ní yàrá méjì tó kún fún ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní sáfà. Àwọn ọlọ́jà ló ń kó àwòrán ọjà wọn sínú rẹ̀, kí oníbàárà lè rí i lórí fóònù níbi yòówù kó wà. Yàrá Òkè tuntun, ó ń dán, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń dá ṣí fúnra rẹ̀. Yàrá Ìsàlẹ̀ ti gbó, ọkùnrin àgbàlagbà kan ló ń tọ́jú rẹ̀, Baba Wáyà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n ti wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, tí kò sí ẹni tó wo ojú mi, àwọn ni wọ́n gbé àga wọn fún mi, tí wọ́n sì jẹ búrẹ́dì tiwọn ní ìdúró.

Iṣẹ́ tèmi ni pé mo kọ irinṣẹ́ kan tó ń díwọ̀n bí sáfà kọ̀ọ̀kan ṣe yára tó. Ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, irinṣẹ́ mi á lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á ní kí wọ́n gbé ojú ìwé kan wá fún òun, á tẹ aago, á sì gbé iye àkókò tó gbà wọ́n sójú gíláàsì ńlá kan bíi ti tẹlifíṣọ̀n lára ògiri ọ́fíìsì. Yàrá Òkè ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Yàrá Ìsàlẹ̀ ń wọ́. Ọ̀gá wa wo gíláàsì náà, wọ́n ní Yàrá Ìsàlẹ̀ máa di títì ní ìparí oṣù kẹwàá, kí Baba Wáyà máa palẹ̀ mọ́.

Ohun tó ń ṣe mí ní kàyéfì ni pé àwọn ọlọ́jà tí ẹrù wọn wà ní Yàrá Òkè ló ń pariwo pé ó lọ́ra. Àwọn ti Ìsàlẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Ọ̀gá ní irinṣẹ́ kì í purọ́, fóònù àwọn ọlọ́jà ló bàjẹ́. Síbẹ̀, wọ́n ní kí n wò ó bóyá àṣìṣe wà nínú ohun tí mo kọ.

Ìparí oṣù kẹwàá náà ni oṣù mẹ́fà ìdánwò tèmi pé. Bí wọ́n bá fìdí iṣẹ́ mi múlẹ̀, mo ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, màá sì wá sílé lóṣù kejìlá. Ọdún márùn-ún nìyẹn, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Èmi ni àbíkẹ́yìn yín.

*

Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù keje

Àbíkẹ́yìn mi,

Mo kí ọ. Márùn-ún nínú mẹ́wàá. O ti ń gbìyànjú.

Mo ti sọ fún gbogbo èèyàn. Má bínú sí mi, ọjọ́ ìpàdé àwa olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì gan-an ni lẹ́tà rẹ dé. Olùkọ́ ìṣirò dìde, ó ní ọmọ òun ti ra ọkọ̀ kejì. Èmi náà dìde. Mo ní ọmọ tèmi ti ṣe ẹ̀rọ kan tó ń purọ́, ó sì ń bọ̀ wálé lóṣù kejìlá. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ìkejì.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kun yàrá rẹ. Àwọ̀ tó rà dà bí omi tí wọ́n fi fọ aṣọ, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ló ń ṣiṣẹ́, mi ò lè bú u ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní ti irinṣẹ́ rẹ, má fojú aláìmọ̀kan wò mí. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi díwọ̀n eré ìka àwọn èèyàn. Tábìlì méjìlá, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjìlá, èmi níwájú pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Mo ní ìbéèrè méjì. Ìkíní, ta ló di aago mú? Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ kan rí tó ní òun máa di aago ara òun mú, kò sì sí ẹni tó yára tó o láyé yìí. Ìkejì, ìwé wo lò ń fún wọn tẹ̀?

Baba Wáyà tó jẹ búrẹ́dì ní ìdúró yẹn, ṣé ó níyàwó? Má rò ó sí nǹkan kan, mo kàn béèrè ni.

Ìyá rẹ.

*

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹjọ

Màmá mi,

Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ń bí mi. Mo wà dáadáa, mò ń jẹun, mò ń sùn, iṣẹ́ sì ń lọ déédéé.

Ọmọ olùkọ́ ìṣirò ti kọ̀wé sí mi lórí fóònù. Ó ní òun gbọ́ pé mo ti ṣe ẹ̀rọ irọ́, ṣé òun lè rí ọ̀kan rà. Ẹ ṣeun gan-an ni.

Baba Wáyà níyàwó, Màmá. Wọ́n sì ní ọmọ mẹ́rin.

Ìbéèrè yín nípa aago dára, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó béèrè. Aago kan náà ló ń ka àkókò fún yàrá méjèèjì. Mo ti yọ wáyà, mo ti ki wáyà tuntun bọ̀ ọ́. Mo ti pa irinṣẹ́ náà, mo ti tàn án, mo ti ka gbogbo ìlànà tí mo kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ títí ojú mi fi ń ṣomi. Kò sí ohun tó yí padà. Ẹ bi mí nípa ìwé tí mò ń fún wọn tẹ̀. Sáfà kì í tẹ̀wé, Màmá. Ọ̀tọ̀ ni ti ìka, ọ̀tọ̀ ni ti ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kí n gbájú mọ́ ọn.

Lánàá, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Yàrá Ìsàlẹ̀ láti tún wáyà wò. Gbogbo wáyà ibẹ̀ ni Baba Wáyà ti fi àkísà aláwọ̀ so, pupa fún ti ìwọlé, àwọ̀ ewé fún ti ìjáde, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn kọ nọ́ńbà sára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Mo ní ó dùn mí pé wọ́n fẹ́ ti yàrá wọn pa. Wọ́n ní, "Bí irinṣẹ́ rẹ bá ní mo lọ́ra, ọmọ mi, màá rọra lọ sílé." Wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ibi tí mo lè fojú sí.

Èmi ni àbíkẹ́yìn yín.

*

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ

Àbíkẹ́yìn mi,

O ní kí n jẹ́ kí o gbájú mọ́ ọn. Mo ti jẹ́ kí o gbájú mọ́ ọn fún ọjọ́ méjìdínlógún. Ṣé o ti rí i? O ò rí i.

Fetí sílẹ̀. Ìwé kan wà lára ògiri kíláàsì mi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lẹ́tà tí oníṣòwò kan kọ sí oníṣòwò ẹgbẹ́ rẹ̀ nípa àpótí ogójì. Òun ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń tẹ̀ fún ìdánwò. Lóṣù kẹta, ìka wọn á ti mọ àpótí ogójì náà ju bí wọ́n ṣe mọ ọ̀nà ilé wọn. Wọ́n á dijú, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ fòò. Bí o bá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní lẹ́tà tí kò rí rí, àánú rẹ̀ á ṣe ọ́. Ẹni tó ti há ìwé sórí kì í ṣe ẹni tó yára. Nítorí náà ni mo fi ń yí ìwé padà ní gbogbo ìgbà, tí wọ́n fi ń pè mí ní Ìyá Òjijì. Mo mọ̀ pé wọ́n ń pè mí bẹ́ẹ̀, wọ́n rò pé mi ò mọ̀.

Ojú ìwé wo ni irinṣẹ́ rẹ ń bi àwọn ẹ̀rọ yẹn? Ṣé òun kan náà ni lójoojúmọ́?

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà. Mo kó lẹ́tà rẹ mọ́kànlá jáde, mo tẹ́ wọn sórí bẹ́ẹ̀dì. "Mo wà dáadáa, mò ń jẹun, mò ń sùn, iṣẹ́ sì ń lọ déédéé." Mọ́kànlá nínú mọ́kànlá, kò sí ọ̀kan tó yẹ̀. Ìwọ náà ti há ìwé rẹ sórí. Ó yá, mo ti yí ìdánwò padà. Kí lo máa ń rí bí o bá yọjú lójú fèrèsé rẹ? Ta lo bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́? Má fi "dáadáa" dá mi lóhùn.

Ìyá rẹ.

*

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án

Màmá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo mọ̀ pé ìkúnlẹ̀ ni t'obìnrin, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ju ìkúnlẹ̀ lọ.

Òun kan náà ni lójoojúmọ́. Ojú ìwé ìkíni iléeṣẹ́ wa ni irinṣẹ́ mi ń béèrè láti ọjọ́ tí mo ti kọ ọ́. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lẹ́nu ọ̀nà Yàrá Òkè, ohun gbogbo tó ń wọlé tó ń jáde ló ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ohun tí wọ́n bá béèrè ní àbéèrètúnbéèrè, ó máa ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sọ́wọ́, kó má baà máa yọ àwọn tó wà lẹ́yìn lẹ́nu. Irinṣẹ́ mi á kan ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà á ti na ẹ̀dà náà sí i, irinṣẹ́ mi á kọ ọ́ sílẹ̀ pé Yàrá Òkè yára. Kò dé inú yàrá rí. Àwọn ọlọ́jà ní tiwọn ń béèrè ohun tó yàtọ̀ síra, wọ́n sì ń bá àwọn ẹ̀rọ inú yàrá pàdé gan-an. Yàrá Ìsàlẹ̀ kò ní ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà. Àwọn ìyẹn ń ṣe iṣẹ́ wọn lójú gbogbo ayé.

Ọjọ́ kejìlá ni lẹ́tà yín dé. Ọjọ́ náà ni mo mú kí irinṣẹ́ náà máa béèrè ojú ìwé tó yàtọ̀ nígbà gbogbo, lórí kọ̀ǹpútà tèmi nìkan. Yàrá Ìsàlẹ̀ fi ìlọ́po méjì yára ju Òkè lọ.

Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Màmá, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Oṣù kan àtààbọ̀ ló kù kí ìdánwò mi pé. Bí mo bá sọ nísinsìnyí pé mo ti ń gbé irọ́ sára ògiri fún oṣù mẹ́rin, ta ni yóò fìdí iṣẹ́ mi múlẹ̀? Mo fẹ́ ní sùúrù. Bí wọ́n bá ti fún mi ní ìwé mi, màá tún un ṣe jẹ́ẹ́jẹ́ lóṣù kọkànlá. Baba Wáyà á ti lọ nígbà náà, mo mọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, ìsinmi kò jìnnà sí wọn bó bá wù kó rí. Ẹ̀yin náà ẹ ti kun yàrá.

Ẹ bi mí nípa fèrèsé. Ògiri ni mo máa ń rí. Ẹnì kan kọ nọ́ńbà méje sára rẹ̀, mi ò mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni Baba Wáyà. Mi ò sùn dáadáa.

Èmi ni àbíkẹ́yìn yín.

*

Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹwàá

Ọmọ mi,

Mi ò fún lẹ́tà yìí ní máàkì.

O rò pé wọ́n bí ọgbọ́n yíyí ìwé padà yẹn mọ́ mi ni. Jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti kọ́ ọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ọ́fíìsì kan ní kí n yan ẹnì kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fún iṣẹ́ akọ̀wé. Ó ku àwọn méjì. Ọ̀kan tẹ àpótí ogójì láìgbójú sókè. Èkejì ń wo ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń tẹ ohun tó rí. Aago mi ní ẹni àkọ́kọ́ ló yára, mo kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó wá kí wa, mo fún un ní ìwé mìíràn ṣeré, ìka rẹ̀ sì kú sórí ẹ̀rọ. Mo mọ ohun tí mo ti ṣe lójú ẹsẹ̀. Bébà wà níwájú mi, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjìlá wà níbẹ̀, mo lè kọ̀wé sí ọ́fíìsì náà. Mi ò kọ ọ́. Ọ̀gá iléèwé ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn mí lójú gbogbo èèyàn ni, ó sì dùn mọ́ mi.

Ọmọbìnrin kejì yẹn kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílùú. Mo wá a títí, mi ò rí i. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Tèmi ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, òtítọ́ ṣì ń wá bàtà rẹ̀. Kò sí ẹni tó mú mi. Ìyẹn gan-an ló ń jẹ mí lára.

O ní ìsinmi kò jìnnà sí ọkùnrin náà. Ta ló rán ọ láti bá a yan ọjọ́ tí yóò sinmi? Ẹni tó gbé àga fún ọ, o fẹ́ kó lọ sílé pẹ̀lú èrò pé ọwọ́ òun ti di ọwọ́ ọ̀lẹ.

Mo fẹ́ rí ọ. Mo fẹ́ rí ọ ju bí mo ṣe fẹ́ orúnkún tuntun lọ, o sì mọ bí orúnkún yìí ṣe ń fi ojú mi rí màbo. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn Baba Wáyà lo fẹ́ gùn wálé, má wá.

Ìyá rẹ.

*

Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹwàá

Ọmọ mi,

Mo mọ̀ pé bóyá lẹ́tà mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ rẹ ni, ṣùgbọ́n ogún ọjọ́ rèé, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹni tó ń gbé lẹ́tà kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa lánàá, mo kígbe pè é, ó ní òun ò gbé nǹkan kan dání fún mi, mo ní kó tún àpò rẹ̀ wò. Ó tún un wò nítorí pé ẹ̀rù mi ń bà á.

Mo máa ń fi bébà kábọ̀n sẹ́yìn lẹ́tà tí mo bá tẹ̀, o mọ̀. Mo ti ka ẹ̀dà èyí tí mo kọ sí ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò sí àṣìṣe kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Bóyá ó yẹ kó ní ọ̀kan tàbí méjì.

Bínú sí mi, ṣùgbọ́n kọ̀wé.

Ìyá rẹ.

*

Ọjọ́ kejì, oṣù kọkànlá

Màmá mi,

Ẹ má bínú. Lẹ́tà yín dé ọwọ́ mi, mo gbé e sínú báàgì, mo sì ń gbé e lọ sí ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Mo bínú. Mo ní ẹ̀yin tí ẹ kò sọ tiyín, ẹ wá ń ní kí èmi sọ tèmi. Mo tún un kà, mo tún bínú. Nígbà tó yá, ìbínú náà tán, lẹ́tà ló kù.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù tó kọjá, kí ìpàdé tí a fẹ́ ṣe lórí títi Yàrá Ìsàlẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Baba Wáyà. Wọ́n ń di ife tíì wọn sínú ìwé ìròyìn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọn ò bú mi. Wọ́n béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ọjọ́ wo lo mọ̀?" Mo ní ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹsàn-án. Wọ́n fi ìka kà á. Wọ́n ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti ọjọ́ márùn-ún." Wọ́n sì yí padà sí ife wọn.

Mo lọ sókè. Mo ní kí ọ̀gá fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo jẹ́ kí irinṣẹ́ náà béèrè ojú ìwé tó yàtọ̀ lójú gbogbo wọn, iye àkókò Yàrá Òkè sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè lórí gíláàsì. Ọ̀gá ní ta ló bá mi rí àṣìṣe yìí. Mo ní ìyá mi ni. Wọ́n ní iléeṣẹ́ wo ni ìyá mi wà. Mo ní ẹ ti fẹ̀yìn tì, olùkọ́ ìtẹ̀wé ni yín. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan náà tí Baba Wáyà bi mí, mo sì dá wọn lóhùn bákan náà.

Wọn ò ní ti Yàrá Ìsàlẹ̀ mọ́. Baba Wáyà wà níbi iṣẹ́ wọn. Wọn ò lé èmi náà. Ọ̀gá ní àṣìṣe inú irinṣẹ́ kò burú, ẹnikẹ́ni lè ṣe é, ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti ọjọ́ márùn-ún ni wọn ò lè gbójú fò. Wọ́n fi oṣù mẹ́fà mìíràn kún ìdánwò mi, wọ́n sì ní kí n lọ ṣe é ní Yàrá Ìsàlẹ̀, lábẹ́ Baba Wáyà. Ẹni tó wà nínú ìdánwò kò ní ìsinmi. Mi ò lè wá sílé lóṣù kejìlá, Màmá. Mo ti kọ gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mò ń fà á ya.

Baba Wáyà ń bá mi sọ̀rọ̀ iṣẹ́. "Mú wáyà yẹn wá. Di èyí mú." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àárọ̀ àná mo bá àga kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Mi ò mọ̀ bóyá fún mi ni, mi ò tíì jókòó lórí rẹ̀.

Èmi ni àbíkẹ́yìn yín.

*

Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kọkànlá

Àbíkẹ́yìn mi,

Mo ka lẹ́tà rẹ ní ìdúró, mo wá jókòó, mo sì sunkún. Mi ò ní fi pa mọ́ fún ọ. Mo ti fojú inú rí ọ lẹ́nu ọ̀nà yìí tó bẹ́ẹ̀ tí mo ti yan èébú tí màá kọ́kọ́ bú ọ bí o bá wọlé. Mo bínú sí ọ̀gá rẹ. Mo bínú sí ara mi pé mo kọ lẹ́tà yẹn. Mo sì mọ̀ pé bí wọ́n bá gbé bébà mìíràn fún mi, òun náà ni màá tún tẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ní ṣé kí òun má kun yàrá náà tán. Mo ní kó kùn ún tán, oṣù mẹ́fà kì í ṣe títí ayé, kó sì ra àwọ̀ tó dára lọ́tẹ̀ yìí.

Má máa bẹ ọkùnrin yẹn ní àbẹ̀túnbẹ̀. Tètè dé ibi iṣẹ́, ṣe ohun tó bá ní kí o ṣe, má ṣe fi ẹ̀rín wá ojúure rẹ̀. Ó lè pẹ́ kó tó bá ọ ṣeré, ó sì lè má bá ọ ṣeré mọ́ láé. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n jókòó lórí àga yẹn.

A ṣèpàdé lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Wọ́n ní oṣù kejìlá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìgbà wo ni ọmọ mi ń dé. Mo ní o ò wá mọ́. Ṣé o mọ bí ọrùn olùkọ́ ìṣirò ṣe máa ń gùn bí ọ̀rọ̀ bá kan ilé ẹlòmíràn? Ó ní kí ló dé. Mo ní wọ́n ní kí o tún ìdánwò ṣe. Ó wo àwọn tó kù, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní ṣé ọmọ yẹn fìdí rẹmi ni.

Mo dìde. Orúnkún mi dún, gbogbo wọn gbọ́ ọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi fìdí rẹmi. Mo ní èmi ni mo ní kó lọ fìdí rẹmi, ó sì fìdí rẹmi dára ju bí èmi ṣe yege lọ.

Ìyá rẹ.